Olùkọ́ Èdè Yorùbá àti Akẹ́kọ̀ọ́ Afọ́jú àti Adití: Àgbéyẹ̀wò Irinṣẹ́ àti Ìdánilẹ́kọ̀ọ́

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò irinṣẹ́ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ èdè Yorùbá nílò kí ó tó lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran tàbí tí kò gbọ́ràn ní kíláàsì gbogbogbòò. Ó tọ́ka sí i pé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí sí abẹ́ àbójútó gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àkànṣe ni ìmọ̀ iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀ sí jùlọ. Ó fi hàn pé Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí èdè olóhùn, ní ìṣòro tirẹ̀ tí ìwé tí a kọ fún olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kò lè yanjú. Àpilẹ̀kọ náà gúnlẹ̀ sí ibi pé olùkọ́ tí a dá lẹ́kọ̀ọ́ ni olórí irinṣẹ́, àti pé ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ kíláàsì mọ̀ kò ju ohun tí a lè kọ́ ọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ.

1.0 Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí òwe yìí ṣe jẹ́ òtítọ́ nínú ọ̀rọ̀ òwò, bẹ́ẹ̀ náà ni ó jẹ́ òtítọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́. Ojú ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wọ inú ìwé, etí ni wọ́n sì fi ń wọ inú ọ̀rọ̀ olùkọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ọ̀nà ojú dí fún, àwọn mìíràn sì wà tí ọ̀nà etí dí fún. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti mọ ọ̀nà mìíràn tí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ lè gbà dé ọjà.

A lè fi iṣẹ́ àpèkọ ṣe àpẹẹrẹ. Olùkọ́ dúró níwájú kíláàsì, ó pe ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ràn yóò gba òdo, kì í ṣe nítorí pé kò kàwé, bí kò ṣe nítorí pé etí ni a fi wọn ìmọ̀ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ketekete, ó sì lè mọ ohùn orí wọn ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi Braille kọ ìdáhùn rẹ̀, tí olùkọ́ kò sì mọ Braille kà, iṣẹ́ rẹ̀ yóò wà nílẹ̀ láìgba máàkì. Nínú ọ̀ràn méjèèjì, orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ ni a ó kọ ìkùnà sí, bẹ́ẹ̀ olùkọ́ ni kò ní irinṣẹ́ lọ́wọ́.

Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ kò jẹ mọ́ olùkọ́ gbogbogbòò, pé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú tàbí ti àwọn adití ni ó yẹ kí a fà á lé lọ́wọ́. Àpilẹ̀kọ yìí yóò fi hàn pé èrò náà kò bá òfin mu mọ́, kò sì bá àǹfààní èdè Yorùbá mu. Kì í ṣe pé àwọn ìpèníjà mìíràn, bí arọ, wárápá tàbí àìtètè-mòye, kò ṣe pàtàkì. Ìpèníjà ojú àti ti etí ni a mú ní àmúyẹ̀wò níhìn-ín nítorí pé àwọn ni ó kan ìwé kíkà àti ọ̀rọ̀ sísọ gbọ̀ngbọ̀n, èyí tí í ṣe iṣẹ́ olùkọ́ èdè gan-an.

2.0 Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí A Lò

Oríṣiríṣi orúkọ ni àwùjọ Yorùbá fi ń pe àwọn ènìyàn tí ara wọn kò pé bí ti ẹlòmíràn. Nínú èrò àbáláyé, ẹni òrìṣà ni àfín, abuké àti arọ, tí a gbà pé Ọbàtálá ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń ka fífi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ sí èèwọ̀. Lóde òní, akàndá ẹ̀dá tàbí ẹni tí ó ní ìpèníjà ara ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò dípò abirùn, nítorí pé abirùn so ènìyàn pọ̀ mọ́ àìsàn, bẹ́ẹ̀ adití tí ara rẹ̀ le kì í ṣe aláìsàn. Afọ́jú àti adití ni àpilẹ̀kọ yìí lò láìfi tàbùkù ẹnikẹ́ni, torí pé wọ́n sọ ohun tí ó wà nílẹ̀ ní pàtó.

Ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ pé ìpele ìpele ni àìríran àti àìgbọ́ràn. Ẹni kan wà tí kò rí ìmọ́lẹ̀ rárá. Ẹlòmíràn wà tí ó ń rí, ṣùgbọ́n tí kò lè rí ohun tí a kọ sí ojú pátákó. Àfín wà lára àwọn tí a sábà máa ń gbàgbé nínú ìsọ̀rí kejì yìí. Àwọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń wò, wọn kì í rántí pé ohun tí ó mú àwọ̀ rẹ̀ funfun máa ń kan ojú rẹ̀ pẹ̀lú: ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń ta á lójú, ẹyin ojú rẹ̀ lè máa gbọ̀n, awò ojú kò sì lè tún ìríran rẹ̀ ṣe tán. Ọmọ àfín tí kò da ọ̀rọ̀ kọ láti ojú pátákó kì í ṣe ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe olódo.

Ẹ̀kọ́ àkànṣe ni ìmọ̀ àti ètò tí a là sílẹ̀ fún kíkọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí. Ẹ̀kọ́ àjọkọ́ ni ètò tí wọ́n fi ń kẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn, tí a sì pèsè ohun tí wọ́n nílò fún wọn níbẹ̀. Kíkó wọn jókòó sí kíláàsì lásán, láìsí ìpèsè, kì í ṣe ẹ̀kọ́ àjọkọ́; ìjókòó lásán ni.

3.0 Ìtàn Ẹ̀kọ́ Àkànṣe ní Ṣókí

Àwọn ìjọ onígbàgbọ́ ni ó kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ yìí lé èjìká ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1953 ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ti Gindiri bẹ̀rẹ̀ ní apá òkè ọya. Ní ọdún 1962, ìjọ Àgùdà dá ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli sílẹ̀ fún àwọn ọmọ afọ́jú ní Sùúrùlérè, Èkó.

Ní ti àwọn adití, orúkọ tí a kò lè fò ni Andrew Foster. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, òun náà sì di adití nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 11. Ní ọdún 1954, ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gboyè ní Gallaudet, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití tí ó wà ní Washington. Ó dé Ghana ní ọdún 1957, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1960. Ohun méjì ni ó ṣe tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí. Àkọ́kọ́, ó mú èdè àmì tí ó ti Amẹ́ríkà wá wọ ilé-ẹ̀kọ́. Èkejì, ó kọ́ àwọn adití fúnra wọn ní iṣẹ́ olùkọ́. Ó tipa bẹ́ẹ̀ fi hàn pé adití lè jẹ́ olùkọ́, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ ti orílẹ̀-èdè jáde ní ọdún 1977, ẹ̀kọ́ àkànṣe ní abala tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ọdún náà ni a dá kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ olùkọ́ àkànṣe ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀, èyí tí ó fìdí kalẹ̀ sí Ọ̀yọ́. Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Jos pẹ̀lú ní ẹ̀ka tí ń kọ́ olùkọ́ àkànṣe.

Bí a bá wo ìtàn yìí fínnífínní, a ó rí i pé àwọn olùkọ́ kan ni a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà. Èyí dára fún ìgbà náà, torí pé láìsí wọn, kò ní sí ìmọ̀ kankan nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún dá àṣà kan sílẹ̀ láàrin àwọn olùkọ́ yòókù, àṣà pé iṣẹ́ ẹlòmíràn ni.

4.0 Ohun Tí Òfin Wí

Ìpàdé àgbáyé tí ó wáyé ní Salamanca, ní orílẹ̀-èdè Spain, ní ọdún 1994 ni ó gbé e kalẹ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ gbogbogbòò gbọ́dọ̀ gba gbogbo ọmọ láàyè. Ní ọdún 2006, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní ọdún 2007, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní ọdún 2010.

Òfin tí ó dènà ìyàsọ́tọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di túláàsì nílé. Òfin ọdún 2018 ni a ń pè é, ṣùgbọ́n oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ni Ààrẹ buwọ́ lù ú. Ó fún akàndá ẹ̀dá ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ìparí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ó pa á láṣẹ pé gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán òṣìṣẹ́ kan tí a dá lẹ́kọ̀ọ́ fún àbójútó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí, àti àwọn ohun èlò tí wọ́n nílò. Ó tún ní kí Braille, èdè àmì àti àwọn ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ mìíràn di ara ohun tí a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, girama àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga.

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí kan kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ olùkọ́ tààrà. Bí èdè àmì àti Braille yóò bá di ẹ̀kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ta ni yóò kọ́ ọ? Ẹni tí ó ń gba ìwé-ẹ̀rí NCE lónìí ni. Nínú ìlànà ọdún 2012 tí àjọ NCCE fi lélẹ̀, ẹ̀kọ́ fún àwọn tí ó ní àìní àkànṣe jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìsọ̀rí márùn-ún tí a pín ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ sí. Èyí jẹ́ ìtẹ̀síwájú, àmọ́ ìsọ̀rí tí ó dá dúró tún lè di ògiri: ẹni tí kò yan ìsọ̀rí náà lè rò pé kò kan òun.

Ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ àdàkọ pẹ̀lú, nítorí pé ìbẹ̀rù rẹ̀ lè dá olùkọ́ dúró. Àdéhùn Marrakesh ti ọdún 2013, tí Nàìjíríà wọ̀ ní ọdún 2017, fi àyè sílẹ̀ fún sísọ ìwé di Braille tàbí ìwé àfetígbọ́ fún ẹni tí kò lè ka ìwé títẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti ọdún 2022 náà ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àwọn ilé-iṣẹ́ tí òfin dá mọ̀ lè sọ ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá di Braille fún àwọn afọ́jú láìrú òfin.

5.0 Ohùn, Ètè àti Àmì: Ìṣòro Tí Ó Jẹ́ Ti Èdè Yorùbá

5.1 Akẹ́kọ̀ọ́ adití

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí a bá la ẹnu dáadáa, adití yóò fi ojú ka ètè wa. Ó ṣòro ní èdè gbogbo, ṣùgbọ́n ó tún le sí i nínú èdè Yorùbá. Kí ẹnikẹ́ni dúró níwájú dígí, kí ó pe igba tí í ṣe iye, igbá tí a fi ń bu omi, ìgbà tí a ń kà, àti igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Ètè kò yàtọ̀ rárá. Ohùn ni ó ya ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́tọ̀, ọ̀fun ni ohùn sì ti ń wá. Kò hàn lójú. Kọ́ńsónáǹtì náà ní ìṣòro tirẹ̀. P, gb, b àti m ni ètè ti ń pàdé, nítorí náà pa, gba, ba àti ma jọ ara wọn lójú ẹni tí ń wo ètè. "Ó pa á" àti "Ó gbà á" lè di ọ̀kan náà lójú ẹni tí kò gbọ́ èyíkéyìí.

Ẹni tí ó mọ dùndún yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Ìlù máa ń gbé ohùn jáde láìní ètè. Ètè ní tirẹ̀ máa ń gbé ìrísí ọ̀rọ̀ jáde láìní ohùn. Ohun tí ìlù fi ń sọ̀rọ̀ gan-an ni ó bọ́ mọ́ adití lọ́wọ́. Kíkígbe mọ́ ọn kò lè dá a padà.

Ibì kan ṣoṣo ni ohùn Yorùbá ti di ohun tí ojú lè rí, ibẹ̀ sì ni àmì ohùn lórí ìwé. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ràn, àmì ohùn jẹ́ ìrántí ohun tí etí rẹ̀ ti mọ̀. Fún adití, àmì náà ni ohùn fúnra rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá kọ ọ̀rọ̀ sí ojú pátákó láìfi àmì sí i ti gba ìdajì ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìṣòro mìíràn ni pé èdè àmì tí a ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití wá pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́tà 26 ti Gẹ̀ẹ́sì ni ìka ọwọ́ ń kọ. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ, kò sì sí gb. Inú ilé tí gbogbo ènìyàn ti gbọ́ràn ni a ti bí èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú àwọn ọmọ adití. Ọmọ adití tí àwọn òbí rẹ̀ ń sọ Yorùbá lè kàwé títí kí ó mọ orúkọ gbogbo nǹkan ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ó má sì lè ka lẹ́tà tí ìyá rẹ̀ fi Yorùbá kọ. Olùkọ́ Yorùbá nìkan ni ó lè dí àlàfo yìí.

5.2 Akẹ́kọ̀ọ́ afọ́jú

Ọ̀rọ̀ afọ́jú yàtọ̀. Ohùn kò ṣòro fún un. Ìwé ni ó ṣòro. Louis Braille, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí a bí ní ọdún 1809, fọ́jú ní kékeré nígbà tí irinṣẹ́ onímú ṣóńṣó tí bàbá rẹ̀ fi ń lu awọ gún un lójú. Ní ọdún 1824, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 15, ó ṣètò ọ̀nà ìkọ̀wé tí ìka lè kà. Àmì kókó mẹ́fà ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, mẹ́ta ní òsì, mẹ́ta ní ọ̀tún, àpapọ̀ wọn sì lè fún ni ní ìrísí 63.

Lórí ìwé títẹ̀, àmì ohùn gun orí fáwẹ̀lì, kò sì gba àyè kankan mọ́ ọ̀rọ̀ náà lára. Nínú Braille, kò sí orí tí a lè gbé àmì lé. Àmì ohùn máa ń gba àyè tirẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a fi àmì sí máa ń gùn lábẹ́ ìka ju bí ó ti gùn lójú lọ. Èyí ni ìdí tí ó fi yẹ kí a fún akẹ́kọ̀ọ́ afọ́jú ní àkókò sí i nínú ìdánwò èdè Yorùbá. Kì í ṣe àánú ni a ṣe fún un. Ìwé tí ó ń kà ni ó gùn ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ẹni tí ń sọ ìwé di Braille bá sì fo àwọn àmì nítorí kí bébà má baà tán, òǹkàwé yóò máa méfò láàrin ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀.

6.0 Àwọn Irinṣẹ́

A lè pín irinṣẹ́ sí mẹ́ta: èyí tí a ń rà, èyí tí a ń ṣe, àti èyí tí a kò ná owó lé lórí rárá.

Nínú èyí tí a ń rà, síléètì Braille àti kálámù onímú ṣóńṣó rẹ̀ ni ó rọrùn jùlọ. Láti ọ̀tún sí òsì ni a fi ń kọ ọ́, nítorí pé ẹ̀yìn bébà ni a ń lù. Bí a bá yí bébà padà, òsì sí ọ̀tún ni a ó kà á. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Braille ti Perkins, tí ó jáde ní ọdún 1951, yára ju èyí lọ. Bọ́tìnnì mẹ́fà ni ó ní fún kókó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹni tí ó ń tẹ̀ ẹ́ sì lè ka ohun tí ó kọ lójú ẹsẹ̀. Àwọn méjèèjì nílò bébà tí ó nípọn ju ti ìwé àjákọ lọ, nítorí náà ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ra ẹ̀rọ tí kò ra bébà kò tíì ra nǹkan kan. Lórí kọ̀ǹpútà, NVDA, tí iṣẹ́ lórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ọsirélíà ní ọdún 2006, máa ń ka ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ sókè, ọ̀fẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bí ohùn tí a kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bá ń ka Yorùbá, yóò ka ọ̀rọ̀ náà bí òyìnbó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kò lè rọ́pò Braille nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá.

Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn náà ní ààlà. Kì í dá ohùn olùkọ́ nìkan gbé sókè. Ariwo kíláàsì bá a lọ. Bátìrì rẹ̀ ń tán, èyí tí ó wọ inú etí sì nílò pípààrọ̀ bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Olùkọ́ tí kò mọ̀ wọ̀nyí yóò rò pé ọmọ tí ó fi ẹ̀rọ sétí ti ń gbọ́ràn bí ẹlòmíràn.

Nínú èyí tí a ń ṣe, ọpọ́n ayò ni àpẹẹrẹ tí ó dára. Ihò méjìlá ni ó ní, mẹ́fà mẹ́fà ní ọ̀wọ́ méjì. Bí a bá dá a ró ní gígùn níwájú akẹ́kọ̀ọ́, ihò mẹ́fà òkè jẹ́ àyè lẹ́tà kan nínú Braille, mẹ́fà ìsàlẹ̀ jẹ́ ti èkejì. Ọmọ ayò kan nínú ihò òkè apá òsì ni a. Bí a bá fi ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó di b. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta apá òsì bá kún, l ni. Àfín, afọ́jú àti ẹni tí ó ríran lè jọ ta á. Ọpọ́n náà tóbi ju ohun tí ìka yóò fi máa kàwé lọ, nítorí náà a kàn fi ń mọ ibi tí kókó kọ̀ọ̀kan wà ni kí a tó lọ sí orí bébà. Fún ohùn, a lè fi gọ́ọ̀mù lẹ okùn mọ́ páálí, kí ó gòkè fún ohùn òkè, kí ó tẹ́ fún ohùn àárín, kí ó sọ̀kalẹ̀ fún ohùn ìsàlẹ̀.

Èyí tí a kò ná owó lé lórí ni ó pọ̀ jùlọ. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá kọjú sí pátákó, torí pé adití kò lè rí ẹnu rẹ̀. Kò gbọdọ̀ dúró níwájú fèrèsé, torí pé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sọ ojú rẹ̀ di òkùnkùn. Ó gbọ́dọ̀ máa ka ohun tí ó ń kọ sókè fún afọ́jú. "Ẹ wo èyí" tàbí "bó ṣe wà níbẹ̀ yẹn" kò wúlò fún ẹni tí kò rí i. Kí ọmọ àfín jókòó níwájú, ní ibi tí oòrùn fèrèsé kò ti ta á lójú, kí a sì gbà á láàyè láti rìn dé ìdí pátákó. Ọwọ́ pẹ̀lú jẹ́ irinṣẹ́: dò, re, mí tí a fi ń kọ́ gbogbo kíláàsì ní ohùn lè ní ìṣọwọ́ tirẹ̀, kí ọwọ́ lọ sílẹ̀ fún dò, kí ó tẹ́ fún re, kí ó gòkè fún mí. Adití yóò rí i, ẹni tí ó gbọ́ràn yóò sì tún mọ ohùn dáadáa sí i.

7.0 Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Olùkọ́

Irinṣẹ́ tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò, ẹrù ni. Ìdí nìyí tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fi gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ohun mẹ́rin ni ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni Braille kíkà. Ojú ni olùkọ́ tí ó ríran yóò fi kà á, kò nílò kí ìka rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ètò rẹ̀ sì rọrùn: láti a dé j, kókó mẹ́rin òkè nìkan ni a ń lò, láti k dé t, àwọn kan náà ni a tún lò tí a fi kókó ìsàlẹ̀ apá òsì kún un, u, v, x, y àti z ni ó tún fi ti apá ọ̀tún kún un. W nìkan ni ó yapa, nítorí pé Faransé ìgbà náà kò lò ó. Ẹni tí ó bá mọ mẹ́wàá àkọ́kọ́ ti mọ ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Àmì tí ó jẹ́ ti Yorùbá ni yóò wá fi lé e.

Èkejì ni èdè àmì. Èyí kò ṣeé kọ́ láti inú ìwé nìkan. Adití ni ó yẹ kí ó kọ́ni, gẹ́gẹ́ bí Foster ti fi lélẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó bá gba adití sí iṣẹ́ olùkọ́ èdè àmì ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀kẹta ni àkíyèsí. Olùkọ́ kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ fura. Ọmọ tí etí rẹ̀ ń ṣọyún, tí ó ń yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan láti gbọ́ràn, tí ó ń dáhùn ìbéèrè tí a kò bi í, tàbí tí ó ń gbé ìwé mọ́ imú, ní láti lọ sí ilé-ìwòsàn kí a tó sọ pé orí rẹ̀ kú.

Ẹ̀kẹrin ni ìdánwò. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń wọ̀n. Bí ó bá jẹ́ àmì ohùn ni àpèkọ fẹ́ wọ̀n, a lè fi àwòrán igbá àti àwòrán ọkọ̀ siwájú adití, kí ó kọ orúkọ wọn pẹ̀lú àmì. Láti ọdún 2017 ni JAMB ti ní ètò ọ̀tọ̀ fún àwọn afọ́jú nínú ìdánwò àṣewọlé rẹ̀. Bí ìdánwò ńlá bá lè yí padà, ti kíláàsì kò gbọdọ̀ le koko.

Gbogbo èyí kò ní ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ bí kò bá dé inú ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́. Ẹni tí kò bá adití tàbí afọ́jú pàdé ní kíláàsì rí yóò máa bẹ̀rù títí. Bákan náà, kò yẹ kí a fi òṣìṣẹ́ kan tí òfin ní kí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ rọ́pò olùkọ́ kíláàsì. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Olùkọ́ àkànṣe ni yóò sọ ìwé di Braille, tí yóò sì ṣe ògbufọ̀. Olùkọ́ Yorùbá ni ó mọ ohun tí ẹ̀kọ́ náà jẹ́. Bí ọ̀kan bá dá a ṣe, akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò pàdánù.

8.0 Àbá

1. Kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ NCE, láìka ìsọ̀rí wọn sí, kọ́ Braille kíkà àti ìpìlẹ̀ èdè àmì, kí a sì dán wọn wò lórí lílò ó, kì í ṣe lórí ìtumọ̀ rẹ̀ nìkan.

2. Kí apá kan nínú ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ wáyé ní ilé-ẹ̀kọ́ tí afọ́jú tàbí adití wà, kí fọ́ọ̀mù tí alábòójútó fi ń fúnni ní máàkì sì ní àyè fún bí olùkọ́ṣẹ́ ṣe bójú tó wọn.

3. Kí ẹ̀ka èdè Yorùbá àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe jọ ṣiṣẹ́ lórí àmì ohùn nínú Braille, àti lórí bí ìka ọwọ́ yóò ṣe máa kọ ẹ, ọ, ṣ, gb àti ohùn. Kí àwọn adití àti afọ́jú tí ó mọ Yorùbá wà níbẹ̀, torí pé àwọn ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

4. Kí àwọn olùkọ́ Yorùbá fi àmì ohùn sí gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ sí ojú pátákó.

5. Kí ìjọba ka bébà Braille, bátìrì àti àtúnṣe ẹ̀rọ mọ́ ìnáwó ọdọọdún, dípò kí ó ra ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan kí ó sì gbàgbé rẹ̀.

9.0 Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé òfin ti ṣí ilẹ̀kùn kíláàsì gbogbogbòò fún afọ́jú àti adití, ṣùgbọ́n òfin kò lè kọ́ni. Ó ti fi hàn pẹ̀lú pé ohùn tí ó mú èdè Yorùbá dùn ni ó tún mú un ṣòro fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí, lọ́nà tí ó yàtọ̀ síra: ohùn wà létí afọ́jú, ìwé ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìwé wà lójú adití, ohùn ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àmì ohùn ni ó so méjèèjì pọ̀, yálà lórí pátákó tàbí lábẹ́ ìka. Irinṣẹ́ tí olùkọ́ nílò kò pọ̀ ju agbára lọ, púpọ̀ nínú wọn kò sì ju ìmọ̀ àti ìfẹ́ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó bá ti kọ́lẹ́ẹ̀jì jáde láìní wọn yóò bá ọmọ kan pàdé ní kíláàsì rẹ̀ tí kò ní ẹlòmíràn tí yóò kọ́ ọ ní èdè ìyá rẹ̀.